Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kí ló dé tí àwọn ológun fi sọ airship di ilé ìwádìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ wa tó ń wọn eruku àti èéfín inú afẹ́fẹ́, ó wúwo tó kílò 6. Dírónù tó lè gbé e kì í pẹ́ lókè, bátìrì á ti kú kí ẹ̀rọ náà tó ṣe iṣẹ́ gidi. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ pé nígbà kan rí, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà máa ń kó onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sínú airship, ọkọ̀ gbàgìdì tí gáàsì ń gbé dúró lófurufú, kí wọ́n lè ṣèwádìí níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló dé tí wọn ò lo bàálù? Ṣé nǹkan tí àwa náà lè dá lábàá ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ ò parọ́. Kì í sì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan. Ṣùgbọ́n gíga kọ́ ni wọ́n ń wá nínú airship, nítorí bàálù ń lọ sókè jù ú lọ fíìfíì. Àkókò àti ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n ń wá.

Bàálù gbọ́dọ̀ máa sáré kó tó lè dúró lókè. Bó bá dẹwọ́ eré jù, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Gáàsì inú airship fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, ìyẹn ló ń gbé e dúró. Wọ́n lè dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, kódà kí wọ́n pa á, kó máa bá afẹ́fẹ́ lọ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ti fi irinṣẹ́ ṣiṣẹ́ nínú bàálù kékeré rí á mọ ohun tí mò ń wí: ọwọ́ kan lórí bọ́tìnnì, ọwọ́ kejì di àga mú, ariwo ò sì jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ. Nínú airship ńlá, èèyàn á dìde, á tú ẹ̀rọ tó dákẹ́ palẹ̀, á tún un ṣe, ibi tó fẹ́ wọ̀n ò sì ní tíì kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni airship kan tí wọ́n sọ ní Los Angeles. Àwọn ará Jámánì ló kàn án ní Friedrichshafen, ara ìtanràn Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n fi san fún Amẹ́ríkà. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 658. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1924, Hugo Eckener, ọ̀gá iléeṣẹ́ tó kàn án, wà á la òkun Àtìláńtíìkì já dé Lakehurst ní New Jersey. Wọ́n tú háídírójìn inú rẹ̀ dànù nítorí pé ó máa ń gbiná, wọ́n sì fi hílíọ́ọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Hílíọ́ọ̀mù ọ̀hún wọ́n nígbà náà débi pé inú airship mìíràn, Shenandoah, ni wọ́n ti lọ fà á wá. Ọ̀kan á jókòó sílé kí èkejì tó fò. Àdéhùn tí wọ́n fi gbà á kò jẹ́ kí wọ́n fi jagun, iṣẹ́ àdánwò ló wá kù tí wọ́n lè fi ṣe.

Kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ fi dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1925, òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ pátápátá ní agbègbè New York. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná mànàmáná lọ dúró lórí òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Riverside Drive láti mọ ibi tí etí òjìji òṣùpá máa gbà kọjá. Ìtòsí òpópónà 96 ló bọ́ sí. Ní gúúsù ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bíńtín ṣì ṣẹ́ kù lójú oòrùn. Ní àríwá rẹ̀, àárọ̀ dòru. Òkùnkùn ọjọ́ náà kò gbà ju bí ìṣẹ́jú méjì lọ, ìkúukùu kan péré sì lè bá ti ẹni tó wà nílẹ̀ jẹ́. Los Angeles kó àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀ láti Naval Observatory pẹ̀lú kámẹ́rà wọn, ó gbé wọn lọ sójú òkun ní ìlà oòrùn Long Island, ibẹ̀ ni wọ́n ti dúró de òjìji náà.

Ní ti pípẹ́ lókè, kò sí èyí tó ju ti oṣù kẹta ọdún 1957 lọ. Airship kan tí wọ́n ń pè ní Snow Bird, oríṣi ZPG-2, gbéra ní South Weymouth ní Massachusetts, ó lọ sápá etíkun Yúróòpù àti Áfíríkà, ó sì balẹ̀ sí Key West ní Florida. Wákàtí 264 ló fi wà lókè láìbalẹ̀ ra epo. Irú ọkọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń wà wọnú ìjì òtútù kí wọ́n lè wo bí yìnyín ṣe ń dì mọ́ ọkọ̀ lára. Ní 1958, ọ̀kan nínú wọn kó àwọn olùwádìí lọ títí dé T-3, erékùṣù yìnyín tó ń léfòó lójú òkun tó yí Òpin Àríwá Ayé ká.

Ẹ̀fúùfù ni ọ̀tá rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1928, ọ̀gágun Umberto Nobile ará Ítálì gbé airship Italia dé Òpin Àríwá Ayé, pẹ̀lú onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta: Malmgren, Běhounek àti Pontremoli. Wọ́n ti pinnu pé àwọn á fi okùn sọ wọ́n kalẹ̀ sórí yìnyín láti ṣe ìwọ̀n. Ẹ̀fúùfù kọ̀, wọ́n yí i ká títí, wọ́n sì padà. Lọ́jọ́ kejì ọkọ̀ náà já lu yìnyín. Běhounek là á já. Malmgren kú sórí yìnyín. Pontremoli wà lára àwọn tí ẹ̀fúùfù gbé lọ pẹ̀lú àpò gáàsì, a ò rí wọn mọ́ títí dòní.

Los Angeles náà rí tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1927, wọ́n so imú rẹ̀ mọ́ òpó gíga ní Lakehurst, afẹ́fẹ́ tútù sì ṣàdédé fẹ́ dé. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó gbóná lọ, nítorí náà ó gbé ìrù ọkọ̀ náà sókè, títí ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 658 fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lórí imú rẹ̀ gan-gan, pẹ̀lú ọkùnrin 25 nínú rẹ̀. Ó yí po, ó sì rọra sọ̀kalẹ̀ sódì kejì. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n òpó kúkurú ni wọ́n gbájú mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tó di 1962, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà pa airship tì. Lọ́dún 2006 ni iléeṣẹ́ ìwádìí wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀kan, MZ-3A, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 178, láti dán sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn nǹkan, wò. Wọ́n tún fi ṣọ́ epo rọ̀bì tó dà sí Gulf of Mexico ní 2010.

Ó wá ku tiyín. Ẹ má ronú airship rárá. Ilé ìgbọ́kọ̀sí, awakọ̀ àti àwọn tó máa dì í mú nílẹ̀ yóò jẹ owó yín tán kí ẹ tó wọn eruku kankan. Ohun tó bá iṣẹ́ yín mu ni bàlúùnù tí a fi okùn so mọ́lẹ̀. Ó tiẹ̀ dára ju dírónù lọ fún irú ẹ̀rọ yẹn, torí abẹ dírónù máa ń da afẹ́fẹ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀n rú.

Mítà kíúbì hílíọ́ọ̀mù kan ń gbé nǹkan bíi kílò kan. Ẹ̀rọ yín kílò 6; ká ní bátìrì, okùn àti awọ bàlúùnù náà jẹ́ kílò 6 mìíràn, 12 nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ ní àlékún agbára kí atẹ́gùn má baà tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, nítorí náà ẹ máa wá mítà kíúbì 20. Sìlíńdà olíítà 50 tí wọ́n rọ dé 200 bar kò ní ju bíi mítà kíúbì 9 lọ, ẹ ṣírò owó rẹ̀ dáadáa, nítorí hílíọ́ọ̀mù ṣì gbówó lórí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi háídírójìn tàn yín pé ó dínwó.

Ẹ ra èyí tó ní ìrù bí ẹja, kó lè máa dojú kọ atẹ́gùn. Èyí tó rí roboto á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Okùn ọ̀rá ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe wáyà, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí òpó iná. Ìdájí, kí oòrùn tó mú, ni kẹ́ ẹ máa ta á sókè. Bí òjò bá ti ń ṣú, ẹ fà á wálẹ̀ kíá. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ̀wé sí NCAA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, láti bèèrè bí ó ṣe ga tó tí wọ́n máa gbà yín láàyè lágbègbè yín. Gíga tí wọ́n bá fún yín ló máa sọ bí okùn ṣe máa gùn tó, ìwọ̀n okùn yẹn ló sì máa sọ bóyá mítà kíúbì 20 tí mo wí á tó.