Sáfà Tó Ti Lé Lọ́dún 10: Ṣé Kí N Pààrọ̀ Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Balógun, ní Erékùṣù Èkó. Ọdún 2015 ni mo ra sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn kọ̀ǹpútà ìsọ̀ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so mọ́, òun ni àkọsílẹ̀ ọjà àti gbèsè àwọn oníbàárà wà nínú rẹ̀. Windows Server 2012 R2, ìyẹn ètò Microsoft tó ń darí sáfà, ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní báyìí, fáànù rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ ata, ó sì máa ń kú fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án. Ọmọ mi ní kí n ra tuntun; akọ̀wé owó mi ní ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò yẹ kó jẹ wá lówó. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
— Oníṣòwò aṣọ, Balógun

ÌDÁHÙN: Ọmọ yín ló jàre, àmọ́ kí ẹ tó gbé owó lọ bá ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé owó yín ibi tí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ gbèsè yẹn wà yàtọ̀ sí inú sáfà, kí ẹ sì ní kí ó ṣí i lójú yín lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ó bá fèsì pé dísìkì méjì ló wà nínú sáfà, tí ọ̀kan ń da ohun tó wà lórí èkejì kọ, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, nítorí ohun tí a bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí ọ̀kan ti pa rẹ́ lórí èkejì lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ kan náà ni a sì sábà máa ń ra àwọn méjèèjì, wọ́n jọ ń gbó ni. Ẹ má ra ohunkóhun títí ẹ ó fi ní ẹ̀dà tó ṣí, kí ẹ sì gbé e kúrò nínú ilé ìtajà náà. Ẹni tó bá mọ ìtàn iná ní Balógun kò ní béèrè ìdí.

Kíkú ọ̀sán yẹn, ooru ni mo fura sí. Sáfà a máa pa ara rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ bá gbóná jù, eruku ló sì sábà máa ń dí ojú ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bí onímọ̀ ẹ̀rọ bá fẹ́ eruku náà kúrò, tí ó sì pààrọ̀ fáànù, ó lè má kú mọ́, akọ̀wé owó yín yóò sì ní òun ti wí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, dísìkì tó ti ń yí tọ̀sán-tòru láti ọdún 2015, tí NEPA ń mú iná kúrò lórí rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún un. Ẹ yẹ bátìrì UPS yín wò, ìyẹn àpótí tó ń gbé iná fún sáfà fúngbà díẹ̀ bí NEPA bá mú iná lọ: ọdún 3 sí 5 ni wọ́n sábà máa ń lò, nínú ooru Èkó wọ́n lè má tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dá ẹjọ́ náà lójú tèmi ni Windows yẹn. Ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò rẹ̀ dúró, àfi fún ẹni tó bá ń san owó àfikún. Nígbà tí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń gba owó ìtúsílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáìlì pa mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti oṣù Kẹta. Àwọn tí kò fi í sórí ẹ̀rọ wọn ló kó sí i lọ́wọ́. Ní tiyín, ẹnikẹ́ni kò jẹ yín ní gbèsè àtúnṣe mọ́.

Wọn yóò fi tòkunbọ̀ lọ̀ yín ní Òtígbà, ọjà kọ̀ǹpútà n'Ìkẹjà. N kò kórìíra tòkunbọ̀. Ó dára fún ẹ̀rọ kejì tí ẹ̀dà yóò máa wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ìwé gbèsè yóò gbára lé, ẹ rà á ní tuntun pẹ̀lú ìwé àtúnṣe (wáráńtì) ọdún 3 tàbí 5 láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ sì ti máa dá àjọ fún òmíràn kí ìwé náà tó tán. Ẹ jẹ́ kí tuntun àti àtijọ́ jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó má sì jẹ́ oṣù Kejìlá tí ọjà ń yá.

Kí ẹ tó ta èyí àtijọ́ fún àwọn tó ń ra irin, ẹ yọ dísìkì rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n lu ú fọ́ lójú yín, nítorí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó jẹ yín lówó ṣì lè wà lórí rẹ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ rò pé ẹ ti pa á rẹ́.