Olóòtú ní líìdì mi wà nísàlẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n sì fi mí sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Ìlọrin kí n lọ kọ́ṣẹ́. Mo kọ ìròyìn ìpàdé àwọn ìyá ọlọ́jà. Olóòtú ní líìdì mi wà nísàlẹ̀, pé ìròyìn náà kò ní sọ́ọ̀sì, pé ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò kò pé. Kò yé mi, ojú sì ń tì mí láti béèrè. Mo fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí yín.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Mo ka ìròyìn rẹ tán, iṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Líìdì ni gbólóhùn tó ṣáájú. Òun ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é àti ọjọ́ tó ṣe é. Ìwọ bẹ̀rẹ̀ pé: “Àdúrà ni wọ́n fi ṣí ìpàdé náà ní aago mẹ́wàá.” Kò sí ìpàdé tí a kì í fi àdúrà ṣí lọ́dọ̀ wa, nítorí náà kò tíì di ìròyìn. Ìpínrọ̀ karùn-ún ni mo tó rí i pé àwọn ìyá ọlọ́jà kò ní san owó ìsọ̀ mọ́. Òun gan-an ni líìdì! Kọ ọ́ báyìí: “Àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ọ̀fà sọ lọ́jọ́ Ajé pé àwọn kò ní san owó ìsọ̀ mọ́ títí ìjọba ìbílẹ̀ yóò fi kó ìdọ̀tí inú gọ́tà ọjà.” Àdúrà lè wà nísàlẹ̀, tàbí kí o yọ ọ́ kúrò.

Ìdí kan tún wà. Bí ìpolówó ọjà bá dé nírọ̀lẹ́, tí àyè sì fún, ìsàlẹ̀ ìròyìn ni olóòtú máa ń gé. Bí o bá fi kókó síbẹ̀, yóò bá a lọ.

Sọ́ọ̀sì ni ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ fún ọ, tàbí ìwé tí o ti rí i. “A gbọ́ pé” tí o kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn kò tó. Ta ló wí i? Kọ orúkọ rẹ̀ àti ipò rẹ̀, kí o sì ní kó pe lẹ́tà orúkọ náà fún ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Ìlọrin níbí, ẹnì kan ń jẹ́ AbdulRazaq, èkejì Abdulrasaq, ẹ̀kẹta Abdulrazak, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kọ tòun bíi ti ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò náà ńkọ́? Dárúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún.

Àwọn tó kù kò le. Báíláìnì ni orúkọ ẹni tó kọ ìròyìn. Dẹ́díláìnì ni àkókò tí o kò gbọdọ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ olóòtú ni èrò ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọn kì í sábà fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

Ohun tó dùn mí jù ni pé o kò gbọ́ tẹnu ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn ni wọ́n fẹ̀sùn gọ́tà kàn. Lọ sí ọ́fíìsì wọn kí ìròyìn yẹn tó wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí wọ́n bá sì kọ̀ láti fèsì, kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n kọ̀.