Ẹ má gé ọdún yín kúrò nínú CV

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, pé ọdún 19 lẹ fi kọ ètò kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Visual Basic 6 (VB6) àti FoxPro, irinṣẹ́ àtijọ́ tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ yọ àwọn ọdún àkọ́kọ́ kúrò nínú CV kí wọ́n má baà mọ ọjọ́ orí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Èmi yọ ọ́, ojú mi rí màbo.

Bánkì kan l'Ékòó ni mo wà kí wọ́n tó ní kí ọ̀pọ̀ nínú wa máa lọ sílé lọ́dún 2017. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi wáṣẹ́. Mo gé gbogbo ohun tó ṣáájú 2010 kúrò. Wọ́n ń pè mí lóòótọ́, àmọ́ gbàrà tí mo bá wọlé tí wọ́n rí ewú lórí mi, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lọ́jọ́ kan, mo kúrò ní Ìkòròdú ní aago márùn-ún ìdájí, mo forí lé Victoria Island. Mo jókòó láti aago mẹ́sàn-án títí aago méjì fi lù. Ọmọbìnrin HR kan jáde, ó ní, "Dádì, ta lẹ wá rí?" Mo ní èmi ni wọ́n pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní wọ́n á pè mí. Kò bi mí léèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo dúró ní CMS títí ilẹ̀ fi ṣú, torí n kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ìyàwó mi. Inú mi ṣì ń ru títí di òní. Àwọn tó ń kọ "kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 35 lọ" síbi ìpolówó iṣẹ́ kò mọ ẹni tó ń jí lóru kí owó oṣù wọn tó wọ akáǹtì.

Nígbà tó yá, mo dá gbogbo ọdún náà padà, mo sì gbé iṣẹ́ 2005 sókè pátápátá. Ẹ rántí ìgbà tí Soludo, tó jẹ́ gómìnà Central Bank nígbà náà, ní kí owó ìpìlẹ̀ bánkì kọ̀ọ̀kan tó bílíọ̀nù 25 náírà, tí bánkì 89 fi di 25. Mo wà lára àwọn tó pa akáǹtì bánkì méjì pọ̀. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kan tó fẹ́ kúrò lórí FoxPro ló pè mí. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú FoxPro dúró láti January 2015, síbẹ̀ orí rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ gbogbo oníbàárà wọn wà. Ọ̀gá wọn bèèrè pé báwo làwọn ṣe máa mọ̀ pé kò sí owó tó sọnù lójú ọ̀nà. Mo ní a ó ka iye àkọsílẹ̀ kí a tó kó o àti lẹ́yìn tí a bá kó o. A ó ro owó oríṣi akáǹtì kọ̀ọ̀kan pọ̀ títí dórí kọ́bọ̀. A ó jẹ́ kí ètò àtijọ́ àti tuntun jọ ṣiṣẹ́ títí oṣù fi parí. Bí ìyàtọ̀ bá wà, a ó wá ìdí rẹ̀, a ò ní fọwọ́ bò ó. Mo tún ní kí wọ́n ṣọ́ àyè ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo. FoxPro gbà á, àmọ́ ó lè dé inú ètò tuntun bíi 30 December 1899, kí kọ̀ǹpútà wá ka oníbàárà sí ẹni tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀.

C# (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), Git (tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù), SQL (èdè tí a fi ń wá nǹkan nínú àkójọ àkọsílẹ̀), ẹ kọ́ wọn. Kò le fún ẹni tó mọ VB6.

Ẹ má sanwó fún àwọn tó ń pe ara wọn ní career coach o. Ọ̀kan gba ₦80,000 lọ́wọ́ mi, òun gan-an ló ní kí n gé ọdún mi kúrò. Ẹ má sì gbé kóòdù ibi iṣẹ́ yín sórí GitHub, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù sí, torí kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹnì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ṣe é, lẹ́tà lọ́yà ló bá a délé.

Kí gan-an ni FoxPro yín ń tọ́jú? Ẹ ò sọ. Ṣé owó oṣù ni, àbí ẹrù ilé ìkẹ́rùsí, àbí owó yíyá? Òun ló yẹ kó wà ní ìlà àkọ́kọ́ CV yín, kí orúkọ FoxPro tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ ọ́ síbí, màá bá yín tún un tò.