Dọ́là 1804: ta ló ti ni ín rí, kí ló sì mú kí ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, wọ́n lu owó fàdákà Amẹ́ríkà kan tí wọ́n kọ 1804 sí lára ní gbàǹjo, ó sì pa dọ́là 7,680,000. Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọn kò rọ owó náà ní 1804 rárá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe ayédèrú ni? Ọwọ́ àwọn wo ló ti kọjá? Mo béèrè nítorí pé ẹnì kan fẹ́ ta ọ̀kan fún mi, ó ní àwọn baba ńlá òun ló fi sílẹ̀.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lọ̀rẹ́ yín sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìrọwó ìjọba ní Philadelphia fi hàn pé dọ́là fàdákà 19,570 ni wọ́n rọ ní 1804, àmọ́ òǹtẹ̀ àtijọ́, tí 1803 tàbí ọdún tó ṣáájú rẹ̀ wà lára rẹ̀, ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n, torí pé òǹtẹ̀ irin kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jù nù nígbà náà níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì fọ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dáwọ́ rírọ dọ́là dúró. Àwọn oníṣòwò ló fà á: wọ́n ń kó dọ́là tuntun lọ sí àwọn erékùṣù Caribbean, wọ́n ń fi í gba dọ́là Spain tó wúwo jù ú lọ díẹ̀, ní ẹyọ kan sí ẹyọ kan, wọ́n á sì kó ti Spain padà wá sí ilé ìrọwó kí wọ́n bá wọn rọ òmíràn. Èrè ni fún oníṣòwò, làálàá lásán ni fún ìjọba.

Ọgbọ̀n ọdún kọjá kí ọ̀rọ̀ dọ́là yìí tó tún dìde. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1834, ìjọba Ààrẹ Andrew Jackson ní kí wọ́n ṣa gbogbo irú owó Amẹ́ríkà jọ sínú àpótí ẹ̀bùn, kí aṣojú ìjọba, Edmund Roberts, lè kó wọn lọ fún àwọn ọba ìhà ìlà-oòrùn ayé, pàápàá Sultan Muscat (ní Oman lónìí) àti ọba Siam, orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Thailand lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìrọwó ṣí ìwé, wọ́n rí i pé 1804 ni wọ́n rọ dọ́là kẹ́yìn, wọ́n sì gbẹ́ òǹtẹ̀ tuntun tí ọdún náà wà lára rẹ̀, láìfura pé kò sí dọ́là kankan tó jáde pẹ̀lú ọdún yẹn rí. Nítorí náà, èmi kò ní pè é ní ayédèrú. Ilé ìrọwó ìjọba ló ṣe é, àṣẹ ìjọba ni wọ́n sì tẹ̀ lé. Ọdún tó wà lára rẹ̀ nìkan ni kì í ṣe ọdún ìbí rẹ̀.

Owó náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Àwọn dọ́là àtètèkọ́ṣe kì í ní etí tó dọ́gba, ṣùgbọ́n eléyìí ní etí tó ga, tó ṣe rẹ́gí yíká, torí pé inú òrùka irin tó há ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ilé ìrọwó kò sì tíì máa lo irú òrùka bẹ́ẹ̀ ní 1804. Ẹ dà á dúró kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: òrùka yẹn ti fún àwọn lẹ́tà tó wà níbẹ̀ pẹlẹbẹ.

Mẹ́jọ péré la mọ̀ nínú irú àkọ́kọ́ yìí. Ní nǹkan bí 1858 sí ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan nínú ilé ìrọwó yọ́lẹ̀ ṣe òmíràn fún títà, èyí tí wọ́n pín sí irú kejì àti ìkẹta. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú irú kejì, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Orí owó Switzerland ti ọdún 1857 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ lé, àmì owó ti tẹ́lẹ̀ sì ṣì ń yọjú lábẹ́ ti Amẹ́ríkà. Àwọn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ “ayédèrú” tí ẹ sọ bá mu jù.

Ní ti àwọn tó ti ni ín, èyí tí ẹ kà nípa rẹ̀ ni ó mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Àwọn onímọ̀ gbà pé òun ni ti Sultan Muscat. Charles Watters ti ìlú Liverpool ló ni ín kí wọ́n tó tà á ní London ní 1917. Láti ibẹ̀ ló dé ọwọ́ Virgil Brand ní Chicago. Lẹ́yìn ikú Brand ní 1926, ó gba ọwọ́ bíi mélòó kan kọjá títí ìdílé Childs fi rà á ní 1945. Wọn kò sì tà á títí di 1999, nígbà tó pa dọ́là 4,140,000, iye tí owó ẹyọ kankan kò tíì pa ní gbàǹjo rí títí di ọjọ́ náà. Ìdílé Pogue ló rà á. Nígbà tí wọ́n tún gbé e jáde ní 2016, àwọn olùrà fi owó lé e dé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là, kò tó iye tí ẹni tó ni ín ń wá, wọ́n sì gbé e padà sílé. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n gba iye tí ẹ kà yẹn, tó kéré sí èyí tí wọ́n kọ̀.

Ti ọba Siam fara hàn ní London ní 1962 pẹ̀lú àwọn owó yòókù tí wọ́n jọ wà nínú ẹ̀bùn náà, ìyẹn ló sì fi òǹtẹ̀ lu ìtàn 1834. Ti Matthew Stickney, ẹnì kan tó ń kó owó àtijọ́ jọ, tún dùn mọ́ mi jù: ní 1843, ó lọ sí ilé ìrọwó fúnra rẹ̀, ó fi owó àtijọ́ tirẹ̀, tí wúrà wà lára wọn, ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Òmíràn wà tí James Dexter ti ìlú Denver gbẹ́ lẹ́tà D tíńtín sí ara ìkùukùu tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, àbùkù yẹn ni ẹ̀rí pé òun ló ni ín rí.

Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tajà fún yín pé: èwo nínú wọn ni tirẹ̀, ìwé wo ló sì tì í lẹ́yìn? Ọ̀pọ̀ oníjìbìtì ti fi ọ̀bẹ sọ nọ́ńbà ìkẹyìn 1800, 1801 tàbí 1803 di 4 láti ọjọ́ pípẹ́, etí owó sì máa ń tú wọn fó. Ayédèrú tòde òní kì í sì í jẹ́ fàdákà rárá lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n: dọ́là àtijọ́ wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 27. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.