Ìgbà Ìwọ́wé Àkọ́kọ́ ní Òkè Òkun

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ̀n, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Oṣù Kẹfà ni mo dé ìlú òkèèrè tí mo ń gbé báyìí, nígbà tí ilẹ̀ kì í ṣú títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án ni ewé àwọn igi àdúgbò wa ti ń pọ́n bí ẹni pé iná rà wọ́n, tí wọ́n sì ń já sílẹ̀. Ṣé àwọn igi náà ń kú ni? Láti ìgbà náà pẹ̀lú ni ara mi ti wúwo, tí oorun ń kùn mí lọ́sàn-án gangan, tí inú mi kò sì dùn láìnídìí. Ṣé èmi nìkan ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, àwọn igi náà kò kú, wọn kò sì ṣàìsàn. Chlorophyll ni orúkọ ohun tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, òun sì ni igi fi ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di oúnjẹ. Bí ọ̀sán bá ti ń kúrú tí afẹ́fẹ́ sì ń tutù, igi kì í pèsè rẹ̀ mọ́. Èyí tó wà nínú ewé á ṣá, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ á wá fojú hàn. Ti àwọ̀ pupa yàtọ̀, nítorí pé ìgbà ìwọ́wé gan-an ni igi máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é láti inú ṣúgà tó há sínú ewé, pàápàá nígbà tí oòrùn bá ń ràn lọ́sàn-án tí òru sì tutù láìdi yìnyín. Ìdí nìyí tí igi kan náà fi lè pupa fòò lọ́dún kan, kó sì ṣá lásán lọ́dún kejì.

Kí ewé tó já, igi á ti fa ọ̀pọ̀ èròjà inú rẹ̀, irú bíi nitrogen, padà sínú ẹ̀ka àti gbòǹgbò, á wá dí ìdí ọ̀pá ewé náà pa, tí atẹ́gùn díẹ̀ á fi tó láti gbé e lọ. Ká ní kò wọ́wé ni, omi ara rẹ̀ ni ìbá máa gba ojú ewé lọ nígbà òtútù, nígbà tí ilẹ̀ tó ti dì kò ní jẹ́ kí gbòǹgbò rí òmíràn fà. Ẹ sún mọ́ ẹ̀ka kan, kí ẹ wo ojú ibi tí ewé ti já: ẹ óò rí ìrudi kékeré kan tó le, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ooru. Ewé ọdún tó ń bọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí i, torí àlàyé lásán kò tó.

Ti ara tó wúwo ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn jù. Ilé ayé fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní nǹkan bí dígírì 23.5 bó ti ń yí oòrùn po. Ní ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà ni ìlàjì ayé ti àríwá, níbi tí ẹ wà, á máa kẹ̀yìn sí oòrùn. Àsìkò yìí gan-an ni ọ̀sán ń yára kúrú jù lọ: ní ìlú tó wọnú àríwá lọ jìnnà bíi tiyín, ó lè fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 dín lójúmọ́, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìdajì wákàtí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú wa ni ọpọlọ fi ń mọ ìgbà tó yẹ ká jí àti ìgbà tó yẹ ká sùn, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé ara yín, tí kò mọ irú àyípadà bẹ́ẹ̀ rí, ń ṣàárẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Lọ́dún 1984 ni Norman Rosenthal, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ṣàlàyé irú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń bá àsìkò yìí dé, tó sì máa ń lọ nígbà ìrúwé. Ẹ máa jáde síta láàárọ̀, kódà bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, nítorí ìmọ́lẹ̀ ìta ṣì ju ti iná inú ilé lọ fíìfíì. Bí ìbànújẹ́ náà bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí ẹ kò lè ṣiṣẹ́ tàbí jẹun bó ti yẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi mọ́ra. Ẹ lọ rí dókítà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi sọ pé aago yóò padà sẹ́yìn láìpẹ́. Kí ló túmọ̀ sí?

ÌDÁHÙN: Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ni. Fóònù a máa yí ara rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni ẹ óò fi yí ti ara ògiri. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ á tètè mọ́ láàárọ̀, àmọ́ á ṣú ní wákàtí kan ṣáájú ti tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ẹ máa ń rìn nasẹ̀, ẹ ti gbé e sí àárọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.