Ṣé tá a bá kọ "a ó dáná sun olè" sára géètì, olè ò ní wá mọ́?

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni alága àwọn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa n'Ìkòròdú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti jí bátìrì ínfátà àti wáyà wa láàárín oṣù méjì. Àwọn èèyàn ní ká kọ ọ́ sára géètì pé olè tọ́wọ́ bá tẹ̀, a máa sun ún ni. Ṣé òfin gbà á, ṣé ó sì máa lé wọn lọ?

Ìdáhùn: Alága, ẹ má kọ ọ́ o. Ẹ̀yin lẹni kẹta tó máa bi mí nírú ẹ̀ lóṣù yìí, ó ti ń sú mi. Ẹni tẹ́ ẹ bá sun, ẹ ti pààyàn nìyẹn, àkọlé yín ló sì máa jẹ́ ẹ̀rí fún ọlọ́pàá.

Ti "ṣé ó máa lé wọn lọ" gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ẹ rò pé bí ìyà bá ṣe le tó náà ni olè ṣe máa bẹ̀rù tó. Irọ́ ni, bóyá ọwọ́ máa tẹ òun ni olè ń wò. Ní 1970, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba Gowon ṣòfin pé ikú ni fún adigunjalè, nígbà tó di 1971 wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n ní Bar Beach l'Ékòó lójú gbogbo èèyàn, Ìṣọ̀lá Oyènúsì wà lára wọn. Ṣé olè wá tán? Ní 1986 Anini, adigunjalè kan, ń da Benin rú, ikú ṣì ni ìyà adigunjalè o, àmọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Iyamu, ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó ní ọlọ́pàá lápò, kí ló kàn án nínú Bar Beach?

Mo ti gba ẹjọ́ ọmọ kan rò rí, wáyà ló ń jí. Mo ní ṣó mọ iye ọdún tó máa lò lẹ́wọ̀n, ó ní òun ò mọ̀. Ó ní tóun bá dé àdúgbò, òun á ju òkúta kékeré sórí páànù, òun á wá dúró, tẹ́nikẹ́ni ò bá tanná tàbí kó ní "ta nìyẹn?", iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ gbogbo ni t'olè, ọjọ́ kan ni t'olóhun, àwa ń fi dẹ́rù bà á, apá àkọ́kọ́ lòun ń gbọ́.

Nílùú ọba, October 1967 ni ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í ní káwọn awakọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sínú nǹkan kan tó ń fi hàn pé wọ́n ti mutí. Jàǹbá ọkọ̀ lálẹ́ dín kù gan-an, torí wọ́n rò pé ọlọ́pàá wà ní gbogbo kọ̀rọ̀. Nígbà tó yá wọ́n rí i pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dá àwọn dúró, ni wọ́n bá tún padà sídìí ọtí. Òfin ò yí padà o, ọkàn wọn ló yí padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jí bátìrì lábẹ́ àkọlé yín tí nǹkan kan ò ṣe, ó ti di ọ̀ṣọ́ géètì.

Ẹ fi owó ọ̀dà yẹn ra gílóòbù. Kí ọdẹ yín máa yí àkókò tó ń rìn padà, kì í ṣe aago kan àti aago mẹ́ta lójoojúmọ́ tí olè ti mọ̀ sórí. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀, ẹ fà á fún ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ sì yọjú sí kọ́ọ̀tù tí wọ́n bá pè yín, ẹ̀yin olùfisùn tí kì í wá lẹ ń pa kéèsì. Mi ò tíì rí ìwé yín kankan o, ẹ rí lọ́yà tó sún mọ́ yín kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Lóru ọ̀la, ẹ ju òkúta kan sórí páànù ara yín, kẹ́ ẹ wo iye ilé tó máa tanná.