Kí ẹ tó ra garawa aláwọ̀ mẹ́ta, ẹ tú ìdọ̀tí tó wà nílẹ̀ wò

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ fẹ́ kọ́ nípa dídín pàǹtí kù àti àtúnlò, pé ìdíje kíkó ike omi jọ lẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ra garawa aláwọ̀ mẹ́ta síwájú kíláàsì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì kéde ìdíje yẹn. Mo ṣe é lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ yìí sọ́wọ́, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Mo ní ẹgbẹ́ tó bá kó ike jọ jù ló máa gba ẹ̀bùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àpò ike ti ga dé ojú fèrèsé, inú mi sì ń dùn. Àfi ìgbà tí ìyá ọmọ kan wá bá mi, ó ní ọmọ òun kò gbà kí òun bu omi ilé fún un mọ́, omi inú ike ni kí òun máa rà, kí òun lè rí ike mú wá. Mo bi àwọn yòókù léèrè. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ kí pàǹtí dín kù ni mo sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń fowó rà.

Òṣùwọ̀n ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ kìíní, mi ò ní sọ̀rọ̀ àtúnlò rárá. A ó wọ ìbọ̀wọ́, a ó tẹ́ ọ̀rá ńlá síta, a ó da ìdọ̀tí kíláàsì wa ti ọjọ́ kan sórí rẹ̀, a ó sì ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bébà, àjẹkù oúnjẹ, ọ̀rá, ike, agolo. (Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí abẹ́ tàbí ìgò fífọ́ má bàa wà níbẹ̀.) A ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ọ́ sórí bébà fífẹ̀, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà kan, ọmọkùnrin kan mú bébà tí ìlà méjì péré wà lára rẹ̀ sókè, ó ní, "Èmi ni mo ju èyí." Ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé páálí kan wá, ó kọ "Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́" sí i lára, ó ní ibẹ̀ ni ká máa kó irú bébà bẹ́ẹ̀ sí. Páálí yẹn dín ìdọ̀tí wa kù ju gbogbo ohun tí mo fẹnu kọ́ wọn lọ.

Ní ti garawa, èyí ló dùn mí jù. Àwọn ọmọ mi ń ṣa ìdọ̀tí tọkàntọkàn, wọ́n tiẹ̀ ń bá ara wọn wí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, díẹ̀ nínú wọn rí obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé tó da garawa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kan ṣoṣo. Lówùúrọ̀, ọ̀kan bi mí pé, "Ṣé eré la kàn ń ṣe ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Obìnrin náà kò jẹ̀bi: ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún un, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí wa pàápàá kì í yà á sọ́tọ̀. Èmi ni mi ò béèrè ibi tí nǹkan ń lọ kí n tó gbé garawa kalẹ̀. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó máa kó o, ohun tó ń gbà àti ọjọ́ tó ń wá. Bó bá jẹ́ bébà àti agolo nìkan ló ń gbà, garawa méjì ti tó. Mo bẹ obìnrin náà kó wá bá kíláàsì sọ̀rọ̀. Ó fi ojú àpá ọwọ́ rẹ̀ hàn wọ́n, ó sì ṣàlàyé bí ohun mímu tó ṣẹ́ kù nínú ike ṣe ń ba bébà jẹ́. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń da ike gbẹ kí wọ́n tó jù ú.

Ọ̀rọ̀ "àtúnlò" fúnra rẹ̀ máa ń da ọmọ láàmú, torí ohun méjì ló ń gbé. Kéèyàn fọ ike kó tún bu omi sí i yàtọ̀ sí kí wọ́n yọ́ ike náà di ohun mìíràn. Ẹ yà á fún wọn. Agolo alumíníọ̀mù dára fún yíyọ́, torí ó ń dín nǹkan bí 95 nínú 100 agbára tí wọn ìbá fi yọ irin náà látinú òkúta kù. Ìgò gíláàsì náà ṣeé yọ́ léraléra. Okùn inú bébà ní tirẹ̀ ń kúrú sí i nígbàkigbà tí wọ́n bá tún un ṣe. Nọ́ńbà 1 sí 7 tó wà nínú àmì onígun mẹ́ta nísàlẹ̀ ike, irú ike tó jẹ́ ló ń sọ, kò ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni máa gbà á.

Mo máa ń ka 100 òkúta wẹ́wẹ́ sórí tábìlì, màá wá mú 9 kúrò. Nínú gbogbo ike tó ti di pàǹtí láyé títí di ọdún 2015, ìwọ̀n tí wọ́n tún ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojúgbà mi kan ní ó máa kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá wọn. Àwọn ọmọ náà wo 91 tó kù, wọ́n sì dákẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí àwọn ò ní rà mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ìdíje, ẹgbẹ́ tí ìwọ̀n ìdọ̀tí rẹ̀ bá fúyẹ́ jù ni kẹ́ ẹ fún lẹ́bùn. Ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n, torí ìdọ̀tí ọjọ́ Ajé kì í rí bíi ti ọjọ́ Ẹtì, ẹ má sì wọ̀n ọ́n bí òjò bá ti pa á. Ẹ tọ́jú bébà ọjọ́ kìíní yẹn dáadáa. Wọ́n máa bi yín léèrè rẹ̀.